Kí Ni Bàbá Mìsì Bébì Wí?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jókòó. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé pé "Bàbá, báwo ni Amẹ́ríkà?", mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ fẹ́ kí n sọ pé ilé wọn ga kan ọ̀run, pé iná kì í lọ, pé kò sẹ́ni tí ìyà ń jẹ níbẹ̀. Iná ò lọ lóòótọ́. Àmọ́ ó rẹ̀ mí. Ó ti rẹ̀ mí kí n tó lọ, ó rẹ̀ mí níbẹ̀, ó ṣì ń rẹ̀ mí báyìí tí mo ń kọ èyí lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi n'Ìkirè. Ohun tí ojú mi rí ní Houston ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ń wá ìròyìn ilé gogoro, kó lọ bá ẹlòmíì.

Bẹ́ ẹ ò bá tiẹ̀ mọ orúkọ mi, ẹ mọ ojú mi. Èmi ni bàbá tó máa ń sùn sórí ẹní nínú fíìmù. Báwọn ọmọ bá fẹ́ jà nítorí ogún, èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kú. Bí ìyàwó kékeré bá fi májèlé sọ́bẹ̀, èmi náà ni mo máa jẹ ẹ́. Láti ìgbà tá a ti ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú nínú ọkọ̀ akẹ́rù, títí dé ayé fóònù tá a wà yìí, iṣẹ́ mi ò kọjá kí n wúkọ́, kí n nawọ́, kí n dákẹ́. Dáníẹ́lì Àkànní lorúkọ mi, ṣùgbọ́n kò sí lára pátákó rí. Bàbá Aláìsàn ni wọ́n ń pè mí lójú títì, mo sì ń dáhùn. Kí ni n bá ṣe?

Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi yà mí nígbà tí Díkìnì, ọ̀kan lára àwọn àgbà ìjọ Yorùbá kan, pè mí láti Houston. Ìjọ wọn fẹ́ ṣe eré kan lọ́jọ́ ìsinmi, ó ní èmi làwọn fẹ́. Mo ní, "Ṣé màá kú ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ọba. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa wà níwájú." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo di ẹrù mi.

Ooru àti òtútù

Ẹni tó sọ fún mi pé òtútù ń pa ènìyàn ní Amẹ́ríkà, Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́. Mo wọ súwẹ́tà méjì léra. Bí ilẹ̀kùn pápákọ̀ òfuurufú ṣe ṣí báyìí, ooru olómi gbá mi lójú bíi ti Èkó gan-an. Díkìnì ti ń dúró dè mí, ọkùnrin gíga onírun funfun díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ etí, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú gbogbo ayé. Ó tì mí sínú mọ́tò rẹ̀. Ibẹ̀ lòtútù wà! Inú mọ́tò tutù, inú ilé tutù, inú ṣọ́ọ̀ṣì tutù bí ibi tí wọ́n ń kó ẹja sí. Kí ara mi tó mọ èyí tó máa gbà, mo ti ń sín.

Àdúgbò Alief ni wọ́n ń gbé, òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tọ́lá. Tọ́lá fúnra rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Iṣẹ́ irun dídì ni Ìyá Tọ́lá ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní àdúgbò Third Ward lọ́hùn-ún, níbi táwọn ọmọ yunifásítì pọ̀ sí. Obìnrin tó lẹ́nu, tó láàánú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú tó bá dé nírọ̀lẹ́. Ó máa gbé e lé orí ìjókòó, á ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹsẹ̀ yìí ò mọ àgbà." Mo ní kó fi síbẹ̀. Tèmi náà ń ro mí.

Àwọn ará ibẹ̀ máa ń kí ènìyàn o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ẹni tí o ò rí rí á rẹ́rìn-ín sí ọ, á béèrè àlàáfíà rẹ. Èmi ará Ìkirè, mo dúró láti dá a lóhùn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ orúnkún mi, mo fẹ́ béèrè ọmọ rẹ̀. Kí n tó lanu, ó ti kọjá lọ! Ó pẹ́ kó tó yé mi pé wọn kì í dúró gba èsì.

Ẹsẹ̀ ò sì níṣẹ́ lọ́hùn-ún. Mo ní kí n rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa tí mo rí nígbà tá a ń bọ̀, kò jìnnà lójú mi. Èmi nìkan ni mo wà létí títì. Mọ́tò kan dúró, òyìnbó obìnrin kan yọrí, ó ní ṣé mo sọnù ni. Mo ní rárá. Kò pẹ́, òmíràn dúró. Ìgbà tí ẹ̀kẹta dúró, Yorùbá ló wà níbẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi ìdajì ahọ́n sílẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ó ní, "Daddy, ẹ wọlé jọ̀ọ́, wọ́n máa pe ọlọ́pàá fún yín." Mo wọlé.

Nínú ṣọ́ọ̀bù náà, láàárín iṣu àti ẹja dídì, obìnrin kan rí mi, ó fi igbe ta. "Yéè! Bàbá Aláìsàn! Ẹ ò tíì kú?" Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó gbé fóònù síta. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wúkọ́ díẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí mọ́mì mi." Mo wúkọ́. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ra bisikíìtì fún mi.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìyá Tọ́lá ń se ẹ̀fọ́ tó ti wà nínú yìnyín láti oṣù tó kọjá, ó sì dùn, mi ò ní purọ́. Díkìnì mú mi lọ jẹ ẹran tí wọ́n ń fi èéfín sè láti àná títí di òní. Ó rọ̀ débi pé eyín ò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo wá eegun, mi ò rí. Wọ́n gbé tíì wá, wọ́n ti da yìnyín sí i. Mo bi Díkìnì bóyá ẹni tó gbé e wá ń bá mi jà ni.

Ọba inú igbó

Ìyá Tọ́lá ló sọ ìdí tí wọ́n fi pè mí fún mi. Màmá aláwọ̀ dúdú kan wà ní Third Ward, ọmọ ibẹ̀ gan-an, tó máa ń wá dirun lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Mìsì Bébì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Bàbá Mìsì Bébì ṣe fíìmù ní Hollywood láyé àtijọ́, nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti rò pé kò sí ọ̀kankan tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni àwọn ọmọ yunifásítì rí ọ̀kan níbi tí wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ sí, wọ́n gé ibi tí bàbá náà wà, wọ́n sì fi sínú fóònù fún màmá. Mìsì Bébì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ níbi tí Ìyá Tọ́lá ti ń fọ irun wọn lórí.

"Bàbá," ni Ìyá Tọ́lá wí, "mo ju kóòmù nù ni! Yorùbá ni bàbá yẹn ń sọ!"

Ó fi fóònù tirẹ̀ hàn mí. Ẹ rọra gbọ́ o. Ọkùnrin dúdú kan ni, ó ga, àyà rẹ̀ fẹ̀. Wọ́n dé e ní fìlà ìyẹ́, wọ́n so eegun mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n ní ọba Áfíríkà ni. Òyìnbó ọdẹ kan ń fi ẹ̀yìn rìn wọ inú igbó, ìbọn ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ọba yìí gbé ọ̀kọ̀ sókè, ó figbe ta lẹ́ẹ̀mẹta, ó fà á gùn, ó gbé e sókè níparí:

"Ọdẹ sáááá! Ọlá mi eee! Ayé dà bẹ́ẹ̀ẹ̀!"

Ó tán. Kò pẹ́ ju kí ènìyàn sín. Orí mi wú. Ọdẹ sì ń sá lóòótọ́! Ìyá Tọ́lá ń wo ẹnu mi. Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" Mo ní mo gbọ́ ọ. Ta ni kò ní gbọ́ ọ? Wọ́n ti sọ fún mi kí n tó wò ó.

Ìròyìn náà ti tàn dé gbogbo ìjọ wọn. Díkìnì ti tẹ ìwé ìkéde tí wọ́n kọ ọ́ sí gàgàrà pé Bàbá tó sọ Yorùbá ní Hollywood. Èmi ni mo máa ṣe bàbá náà lórí pèpéle, Mìsì Bébì á jókòó níwájú, màá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè òyìnbó fún wọn. Ẹ gbà mí, inú mi dùn. Ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ onípákó lé mi lọ́wọ́, wọ́n fi aṣọ òkè ró mi, mo dúró ní àárín gbùngbùn. Kò sí ẹní nílẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n wúkọ́. Mo ké "Ọdẹ sá!" tí ògiri fi dún.

Ìlà kẹta nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. "Ayé dà bẹ́ẹ̀." Ta ló ń sọ ọ́ báyẹn? "Ayé ti dà bẹ́ẹ̀" la máa ń wí, àbí? Díkìnì ní Yorùbá ayé àtijọ́ ni, wọ́n gbé e dé ibẹ̀ láti ìgbà ẹrú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo tún wo fóònù náà. Ojú ọkùnrin yẹn ò bínú, èyí náà ń yọ mí lẹ́nu. Ènìyàn tó gbé ọ̀kọ̀ sókè, ojú rẹ̀ yẹ kó le. Ibì kan tó jìnnà ló ń wò, ọ̀nà ibẹ̀ sì ń wù ú.

Ilé onípákó

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìyá Tọ́lá fi mọ́tò gbé mi lọ kí Mìsì Bébì. Ilé onípákó kékeré kan ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú rẹ̀, igi ńlá bò ó. Èyí wù mí ju gbogbo ohun tí mo ti rí lọ. Màmá náà jókòó síta, wọ́n tín-ín-rín, irun wọn funfun bí òwú. Wọ́n ní kí n wọlé, wọ́n pe èmi bàbá arúgbó ní ọmọdé jòjòló. Ó pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti kéré mi tó bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ. Màmá figbe ta, wọ́n rò pé mo dákú! Wọ́n na ọwọ́ láti fà mí dìde, Ìyá Tọ́lá sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣàlàyé. Nígbà tó yé wọn, wọ́n ní kí n tún un ṣe.

Wọ́n fún wa ní ẹ̀wà olójú dúdú, ilá dídín àti búrẹ́dì àgbàdo. Gẹ̀ẹ́sì wọn wúwo létí mi, èmi náà Gẹ̀ẹ́sì mi ò pọ̀, Ìyá Tọ́lá ló ń gba ọ̀rọ̀ láàárín wa. Ohun tí wọ́n sọ nìyí.

Agbẹ́rù ni bàbá wọn ní ibùdó rélùwéè. Ẹni kan tó ń ṣe fíìmù rí bó ṣe ga tó, ó mú un lọ sí Hollywood. Níbẹ̀ ó ṣe kúùkù, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ṣe agbẹ́rù rélùwéè tó ti ń ṣe nílé tẹ́lẹ̀, ó wá ṣe ọba inú igbó. Wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sí i rí. Ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà ní Houston, òun ló máa ń wá, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí gan-an fún ìgbà díẹ̀, á tún padà. Àwọn ọmọ ilé ìwé gbọ́, wọ́n sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Wọ́n á máa fò sókè bí ọ̀bọ níwájú ilé, wọ́n á ní, "Kí ni bàbá yín wí lónìí?" Ìyá wọn ò jẹ́ kí ọmọ kankan wo fíìmù náà. Ẹ̀yìn ìyẹn, bàbá kú síbi iṣẹ́, wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé.

Mìsì Bébì gbé abọ́ sílẹ̀. Wọ́n wo èmi tààrà, wọn ò wo Ìyá Tọ́lá mọ́.

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń gbọ́ pé bàbá mi lọ síbẹ̀ lọ gbó bí ajá fún òyìnbó," ni wọ́n wí. "Mi ò ní pẹ́ lọ mọ́. Ìwọ, òṣèré ni ọ́ bíi tiẹ̀. Sọ fún mi. Ṣé ọ̀rọ̀ ló sọ àbí igbe lásán?"

Mo ní ọ̀rọ̀ ni. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi: ọdẹ ti sá, ó ṣe fún ọlá mi, bí ayé ṣe wá dà nìyí. Ìyá Tọ́lá sọ ọ́ lédè òyìnbó. Màmá di ojú, wọ́n ń mi orí lọ́ra-lọ́ra. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wí nǹkan kan, Ìyá Tọ́lá túmọ̀ rẹ̀ láìrònú:

"Ó dùn wọ́n pé ẹ̀gbọ́n wọn Odessa ti kú kó tó gbọ́ èyí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n wọn tó ń jẹ́ kí ni?"

"Odessa."

Mo ní kó bi wọ́n, ṣé àwọn méjì péré ni. Mìsì Bébì ní rárá, mẹ́ta làwọn, obìnrin ni gbogbo àwọn. Odessa làgbà. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Ola Mae.

Lórí freeway

A wọ mọ́tò, a bọ́ sórí freeway, títì ńlá tí mọ́tò kì í dúró lórí rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ń fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọn ò mọ̀ pé ayé ti dojú rú.

"Ìyá Tọ́lá, kí lorúkọ Mìsì Bébì gan-an?"

"Bébì ni o, Bàbá. Bébì ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Mi ò gbọ́ òmíràn rí."

"Odessa. Ola Mae. Pè é sókè. Ké e bí ẹni tó ń ké sí ọmọ tó ń ṣeré lọ́nà jíjìn."

Ó pè é. Ó tún un pè, ó gbé e sókè níparí. Ó yà kúrò lórí freeway, ó wọ iwájú mall kan, ó dúró, ó fi orí lé ọwọ́.

"Ha! Bàbá, ẹ má bá mi ṣeré."

"Mi ò ṣeré."

"Èmi ni mo sọ fún màmá. Èmi ni mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, tí mo ní Yorùbá ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ẹkún ẹni tó ti rẹ̀ tipẹ́. "Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò gbọ́ èdè wa lẹ́nu ọmọ ibí rí. Ọmọ tí mo bí gan-an, ó dìgbà tí mo bá ń bá a wí kó tó gbọ́ ọ. Nígbà tí mo gbọ́ 'ọdẹ sá' yẹn, inú mi dùn débi pé mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ojú wo ni màá fi wo màmá?"

Mi ò bá a wí. Èmi tí mo ti ń ṣe eré látayé, ṣé mo gbọ́ ju tirẹ̀ lọ ni? Mo ní kó nu ojú rẹ̀, pé a ò tíì mọ̀ dájú. Ó ku orúkọ kẹta.

Nígbà tá a délé, Díkìnì ń jẹun. A sọ fún un pé ó jọ pé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ni bàbá náà ń ké. Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ọbẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun. Inú màmá dùn àbí kò dùn?"

"Ó dùn."

"Kí lẹ wá fẹ́ tú u ká fún? Ọ̀rọ̀ tó dáa lẹ fi sí bàbá wọn lẹ́nu. Ọba ni, ó sọ̀rọ̀ ọba. Ta ló máa bi yín? Àwọn ènìyàn ń bọ̀ láti Dallas!" Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ máa wà níwájú."

Ó mọ ibi tó dùn mí. Mo fẹ́ eré yẹn. Mo fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe fẹ́ jẹun lọ, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n purọ́. Ta ló tún máa fún mi ní ọ̀kọ̀ mú, lọ́jọ́ orí mi yìí? Mo jókòó tì í, mo sì sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo fíìmù mi, ẹ máa ń rí i tí mò ń ráhùn lórí ẹní, tí ẹnu mi ń mì. Wọn kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún mi. Olùdarí á kàn ní, "Bàbá, ẹ máa ráhùn." Ẹnu ò sì lè ṣófo. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, orúkọ rẹ̀ ni mò ń pè níbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ mi. Nínú gbogbo fíìmù yẹn, òun ni mò ń pè.

"Díkìnì, bí ẹnì kan bá jókòó ti ọmọ mi lọ́jọ́ kan, tó ní 'omi ni bàbá rẹ ń béèrè', tínú ọmọ mi sì dùn sí i, ṣé wàá ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Díkìnì ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá Tọ́lá ló sọ̀rọ̀. Ó ní òun lòun máa gbé wa padà lọ lọ́la, òun náà lòun máa dìde níwájú ìjọ sọ pé òun ṣì í gbọ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Kí n sọ ti eré yẹn tán ná. Kò wáyé. Ní ọjọ́ ìsinmi wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹun, àwọn tó ti Dallas wá kùn díẹ̀. Mo jókòó lẹ́yìn. Ẹnì kan ní kí n wá wúkọ́, mo ní ó rẹ̀ mí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ni mò ń sọ. Díkìnì bá wa lọ, kò wọlé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú wá. Mìsì Bébì wà lórí ìjókòó wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí mi kí n tó dọ̀bálẹ̀, kí n má bàa ṣubú.

Mo ní kí Ìyá Tọ́lá bi wọ́n pé kí lorúkọ wọn, èyí tí òbí fún wọn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè ìyẹn. Àwọn làbíkẹ́yìn, ìyá àwọn ló sọ àwọn di Bébì, gbogbo ayé sì gbà á bẹ́ẹ̀. Bàbá àwọn nìkan ni kì í pè é. Orúkọ gan-an ló máa ń pe àwọn.

"Ida Belle," ni wọ́n wí.

Kì í ṣe bí àwa á ṣe kà á ni wọ́n ń pè é o. Áyídà Bẹ́ẹ̀lì ni. Ìyá Tọ́lá di apá mi mú.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé fóònù wọn wá. Ìyá Tọ́lá sọ fún wọn pé òun ti ṣìnà, pé kì í ṣe èdè wa ni bàbá wọn sọ. Ojú màmá rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí n tún rí irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Igbe lásán ni nígbà náà." Mo ní rárá, rárá, mo ń mi orí bí ọmọdé. Mo ní kí Ìyá Tọ́lá sọ fún wọn pé kí wọ́n má fetí wá Áfíríkà níbẹ̀. Ilé yìí ni kí wọ́n fetí wá.

Wọ́n gbé fóònù sétí, bó ti lè ké tó. A gbọ́ igbe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n tún un tẹ̀. Nígbà kejì yìí, mo rí i tí ẹnu wọn ń tẹ̀ lé e.

"Odessa," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ola Mae."

Ọwọ́ wọn bọ́ sí àyà.

"Ó ń pè wá wọlé ni," ni wọ́n wí fún mi. "Wọ́n ti bu oúnjẹ, ó ń pè wá. Ibi tó o dúró sí yẹn ló máa ń dúró sí. Àgbà ló máa kọ́kọ́ pè, èmi ló máa pè kẹ́yìn, torí èmi ni mo máa ń jìnnà jù lọ."

Díkìnì ti gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ wa. Ó bọ́ fìlà rẹ̀.

Màmá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá wọn gbé ọ̀kọ̀ sókè, ìyẹ́ ń mì lórí rẹ̀, ó ké sí Odessa, ó ké sí Ola Mae. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, màmá ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Wọ́n dìde dúró láìdi nǹkan kan mú, wọ́n sì dáhùn sókè, bí ọmọ tó wà ní ìkángun àdúgbò:

"Mo ń bọ̀, Papa!"